Ìdí tí churros fi ń bú gbàmù nínú òróró, àti bí a ṣe ń dín in nílé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Lọ́dún tó kọjá mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ sí Madrid, a sì jẹ churros níbẹ̀, ìyẹn àkàrà fúláwà gígùn tí wọ́n ń rì bọ inú ṣokoléètì tó ki. Nígbà tí a padà sí Ìbàdàn, mo ní kí n dán an wò. Mo po fúláwà bíi ti puff-puff, mo kàn jẹ́ kó ki díẹ̀ sí i. Mo fi ẹyin kan àti baking powder sí i, mo rọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù, mo gé igun rẹ̀, mo wá ń fún un sínú òróró gbígbóná. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé dùn ún wò, àfi bí ọ̀kan ṣe bú gbàmù! Òróró ta sí mi lápá, ó ta dé ara ògiri. Àwọn tí kò bú náà, inú wọn kò jinná. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó yẹn ń lò? Èmi ni, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Kí a tó dé orí oúnjẹ: bí apá yẹn bá ti lé ròrò, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó. Ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á, ohunkóhun tí àwọn ará ilé ì báà sọ.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2004, ìwé ìròyìn La Tercera ní orílẹ̀-èdè Chile kọ bí a ṣe ń ṣe churros fún àwọn òǹkàwé rẹ̀. Àwọn kan kà á, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, churros bú mọ́ wọn lójú, òróró sì jó wọn. Ẹjọ́ náà rìn jìnnà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Chile fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí ilé iṣẹ́ tó ni ìwé ìròyìn náà san owó gbà-má-bínú fún èèyàn 13. Wọn kò dán ohun tí wọ́n kọ wò dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹni tó bá sì ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, tí òróró rẹ̀ gbóná dé 250°C, ó ṣeé ṣe gan-an kí churros náà bú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ má kàn wá ibi tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n fúláwà.

Omi ló ń bú, kì í ṣe fúláwà. Bí omi bá hó tó sì di ooru, ó máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,600. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbada. Bí fúláwà pípò bá ṣe kan òróró gbígbóná ni ara rẹ̀ máa gan, tó máa di èèpo. Omi tó wà ní àárín gbùngbùn kò tíì gbóná nígbà yẹn. Tó bá yá, iná á dé ọ̀dọ̀ òun náà, á fẹ́ jáde. Bó bá rí ọ̀nà, á rọra yọ, ẹ ó sì máa rí i bó ṣe ń hó wọ̀ọ̀ ní etí churros. Bí kò bá rí ọ̀nà, á kó ara rẹ̀ jọ síbì kan títí agbára rẹ̀ á fi ju ti èèpo lọ. Ìyẹn ni ariwo tí ẹ gbọ́.

Puff-puff kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwúkàrà ti dá ihò kéékèèké sí inú rẹ̀ kó tó dé inú òróró, ara rẹ̀ sì rọ̀. Churros kò ní ìwúkàrà. Inú rẹ̀ dí. Torí náà, ohun mẹ́ta ló ń gba ẹni tó ń dín in sílẹ̀: omi tó ń hó ni kó fi pò ó, ẹnu tó ní igun bí ìràwọ̀ ni kó fi fún un, kò sì gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Nínú ohun tí ẹ kọ, Ìyá Ìbejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọnù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹyin àti baking powder kúrò. Churros tí ẹ jẹ ní Madrid kò ní ju fúláwà, omi àti iyọ̀ lọ. Àwọn tó ń fi ẹyin àti bọ́tà sí i wà, pàápàá ní Amẹ́ríkà, kò sì burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ mìíràn nìyẹn. Ní ti baking powder, ẹ̀fúùfù ló ń dá sílẹ̀, èyí tó máa lọ kún ooru omi tí a ní kó má pọ̀ jù. Fúláwà tí wọ́n ti po baking powder mọ́ láti ilé iṣẹ́ náà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Ó wá kan omi gbígbóná. Ẹni tó bá ti mọ àmàlà rò ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fi omi tútù po èlùbọ́ kó wá máa retí àmàlà. Omi tó ń hó ló ń ṣí èlùbọ́, tí á fi mumi yó, tí á sì di ara kan ṣoṣo tó dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fúláwà. Bí ìgbóná bá ti ń lọ sí 60°C, sítáàṣì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á sì fa omi mọ́ra. Omi tí sítáàṣì ti gbé mì bẹ́ẹ̀ kì í yára sáré jáde nínú òróró. Ohun kejì ni pé fúláwà tí a fi omi tútù pò máa ń fà bíi rọ́bà, pàápàá bí a bá fọwọ́ pò ó pẹ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í jẹ́ kó fà. Churros kò gbọdọ̀ fà. Bí ẹ bá gé e, ó gbọdọ̀ já wéré.

Ìwọ̀n tí mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni fúláwà gíráàmù 250, omi mílílítà 250, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ lè fi òróró ṣíbí kan sínú omi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ife wọn fúláwà, nítorí pé ife tí ẹnì kan kì mọ́lẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíràn kàn bù kì í wúwo bákan náà. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń ṣe kéèkì. Ẹ sẹ́ fúláwà náà kí kókó má bàa wà níbẹ̀. Ẹ gbé omi àti iyọ̀ kaná títí tí yóò fi hó gidi, kì í ṣe kó kàn máa mú èéfín. Ẹ pa gáàsì, ẹ da gbogbo fúláwà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi omorogùn rò ó kíákíá. Kò ní dùn ún rò, á máa le mọ́ yín lọ́wọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Púpọ̀ nínú fúláwà tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà wa jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ó sì máa ń mu omi jù, nítorí náà bí ó bá le kọjá kí ẹ lè fún un, ẹ fi omi gbígbóná ṣíbí kan tàbí méjì kún un. Omi gbígbóná ni mo wí. Bí ó bá sì rọ̀ jù, ẹ má bu fúláwà gbígbẹ lé e, nítorí pé fúláwà tí kò kan omi tó ń hó yóò di kókó, inú kókó sì ni wàhálà máa ń sá pamọ́ sí. Ó sàn kí ẹ tún òmíràn rò.

Ẹ da aṣọ mímọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró díẹ̀ ra ọwọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ má jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára yín kò ní ká a.

Ọ̀rọ̀ láílọ́ọ̀nù ló kàn báyìí, òun ni mo sì dá lẹ́bi jù nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Igun láílọ́ọ̀nù tí a gé máa ń mú nǹkan roboto tó ń dán jáde. Èèpo ara irú ẹ̀ máa ń gan yí ká lẹ́ẹ̀kan náà, àárín rẹ̀ sì jìnnà sí iná níhà gbogbo. Ìyẹn ló fa kí èyí tí kò bú máà jinná nínú. Ẹnu onírìràwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn pàlàpálá tó wà lára churros ń jẹ́ kí ibi tí òróró ń kàn pọ̀ sí i, wọ́n ń jẹ́ kí iná tètè dé àárín, ooru omi sì ń rí ibi yọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìfún-churros ilé ní Sípéènì, tí wọ́n ń pè ní churrera, fi ń ní ẹnu ìràwọ̀. Kò ju ọpọ́n gígùn kan tó ní ọ̀pá ìtì lọ.

Ṣé dandan ni kí ẹ rà á? Kì í ṣe dandan. Bí ẹ bá rí i rà, iṣẹ́ á yá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kéèkì, kí ẹ béèrè nozzle onírìràwọ̀ tó tóbi, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó fi díẹ̀ lé, àti àpò aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ àísìn sára kéèkì. Aṣọ ni kí ẹ rà. Láílọ́ọ̀nù kì í gba agbára churros, á ya mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kó o sínú àpò, ẹ má jẹ́ kí àlàfo wà láàárín ìṣù kan àti èkejì. Ẹ fún èyí tó kọ́kọ́ jáde dànù, torí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń wà.

Ẹ má fún un sínú òróró tààrà. Àwọn oníṣẹ́ ní Madrid ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọwọ́ rẹ̀. Ẹ fún un sórí pèpéle tí ẹ fi òróró ra, kí ẹ gé e ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní ihò tàbí tó ya, tàbí tí apá kan rẹ̀ ki ju ìyókù lọ, ẹ dá a padà sínú àpò. Wọ́n máa ń ká churros kí orí méjèèjì lè pàdé, ó sì rẹwà, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ máa ń ki. Ẹ jẹ́ kó wà ní gbọọrọ ná.

Òróró olífì tàbí ti ewéko sunflower ni wọ́n sábà ń lò ní Sípéènì. Òróró ẹ̀pà wa dára fún un. Ẹ lo ìkòkò tó jinlẹ̀, kí òróró inú rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó má sì kọjá ìdajì ìkòkò. Ìgbóná tí a ń wá ni 180°C sí 190°C. Bí kò bá tó 170°C, churros á mu òróró. Bó bá ti kọjá 200°C, èèpo á gan kí inú tó mọ nǹkan kan, ẹ sì ti mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná kò wọ́n jù fún ẹni tó fẹ́ràn àtidín nǹkan. Ẹni tí kò bá ní in, kó ju ègé búrẹ́dì kékeré sínú òróró náà: ó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bó bá jẹ́ lójú ẹsẹ̀ ló dúdú, ẹ pa iná kí ẹ dúró. Òróró tó ń rú èéfín kì í ṣe òróró tí a ń sọ nǹkan sí.

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ máa sọ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rọra gbé e wọlé, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Ibi tí ọwọ́ tó ti mọ puff-puff ti ń ṣìnà nìyí: churros kò ní ṣúgà, kò ní ẹyin, nítorí náà kì í pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ wúrà tó mọ́lẹ̀ ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ń dúró dè é kó tó pupa bíi puff-puff, ẹ ti jó o gbẹ.

Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un o. Ẹ pa iná, ẹ fi ọmọrí ìkòkò ṣe asà láàárín ara yín àti agbada, kí ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí àwọn Ìbejì wà ní pálọ̀. Bí iná bá sì gba òróró, ọmọrí ni kí ẹ fi bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa gáàsì. Omi kọ́, láé.

Bó bá ṣe ń jáde ni kí ẹ gbé e sórí bébà, kí ẹ wọ́n ṣúgà sí i nígbà tó ṣì gbóná. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Mexico máa ń fi cinnamon sí ṣúgà náà. Ní Sípéènì, ṣúgà lásán ni, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan sí i, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn, torí pé ṣokoléètì ti dùn tó.

Ṣokoléètì náà rọrùn. Ẹ po kòkó lílọ̀ ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, ṣúgà mẹ́ta àti cornflour kan pẹ̀lú wàrà tútù díẹ̀, kí ẹ dà á sínú wàrà gbígbóná tó tó ààbọ̀ lítà, kí ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí tí yóò fi ki tó ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Wọ́n kì í mu ún bíi tíì ní Sípéènì, wọ́n ń rì nǹkan bọ̀ ọ́ ni. Ẹ ra kòkó ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí ti òkèèrè fi jù ú lọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: láti Fernando Po, erékùsù tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, ni irúgbìn kòkó ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1874.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ tún ti rí àwọn kan ní Madrid tó nípọn ju churros lọ, tí ara wọn dán, tí wọn kò sì ní pàlàpálá. Porras nìyẹn. Wọ́n ń fi bicarbonate sí i, wọ́n ń fún un yíká yíká bí ìgbín nínú agbada ńlá, wọ́n á wá fi àlùmọ́gàjí gé e. Ní San Ginés, ilé ṣokoléètì tó ti wà ní Madrid láti 1894, méjèèjì ni wọ́n ń tà. Ẹ lè máa sọ nínú ara yín pé tí porras bá dán tí kò bú, kí ló dé tí tèmi fi bú? Bicarbonate àti ìsinmi tí wọ́n ń fún un ti ṣí inú rẹ̀ kó tó wọ òróró, agbada wọn sì fẹ̀, ìgbóná rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ puff-puff yẹn bá ń yọ yín lẹ́nu, àwọn ará Valencia, ìlú kan ní Sípéènì, ní ohun tó bá a mu jù. Buñuelos elégédé ni. Wọ́n ń jẹ ẹ́ jù lákòókò Fallas, ọdún wọn tó máa ń parí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, èyí tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àṣà ọmọ aráyé lọ́dún 2016. Ẹ se elégédé gíráàmù 250, ẹ gún un kúná, kí ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù. Ẹ pò ó mọ́ fúláwà gíráàmù 500, ìwúkàrà gbígbẹ gíráàmù mẹ́wàá àti iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fi omi elégédé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kún un títí tí yóò fi rọ̀ bíi ti puff-puff. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kó wú. Ẹ fi omi ra ọwọ́, ẹ bù ú, ẹ fi àtàǹpàkò lu àárín rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ sínú òróró. Ihò yẹn ló ń jẹ́ kí àárín jinná, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ, nozzle tàbí àpò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju churros lọ, bí ẹ bá bi mí.

Ní Kúbà, ẹ̀gẹ́ àti kókò sísè ni wọ́n ń gún pọ̀ ṣe buñuelos Kérésìmesì. Wọ́n á ká a bíi nọ́ńbà 8, wọ́n á wá da omi ṣúgà lé e. Ẹ̀gẹ́ àti kókò kò wọ́n yín ní Ìbàdàn, ẹ lè dán an wò. Pestiños ti apá gúúsù Sípéènì náà ń bẹ, fúláwà tí wọ́n fi òróró olífì àti wáìnì pò, tí wọ́n dín, tí wọ́n sì fi oyin pa lára. Ẹni tó mọ chin-chin ṣe kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, mo sì lè kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn bí ẹ bá fẹ́.

Churros kì í dọ̀la, nítorí náà ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ dín. Òróró tó kù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sínú ìgò. Ẹ tún lè fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ tí ẹ bá ti fi dín ẹja, ẹ má dá a padà sídìí churros mọ́.